Golf 4 Tó Bẹ̀rẹ̀ Mọ́lẹ̀: Rímù 15, 16, 17 Tàbí 18, Èwo Ni Ká Gbé Sí I?

Ààyè tó wà lábẹ́ fẹ́ńdà ọkọ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá mú ọkọ̀ wálẹ̀, kí ara rẹ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀, ẹ ti gbà nínú ààyè náà. Bí ẹ bá tún gbé rímù tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, inú ìwọ̀nba tó kù náà lẹ tún fẹ́ ti gbà. Ibẹ̀ ni gbogbo híha ti ń wá, ibẹ̀ ni òórùn rọ́bà tó ń jóná ti ń wá, ibẹ̀ náà ni táyà tó ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti ń wá. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè rímù tó rẹwà, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ jù: ṣé kí ọkọ̀ wálẹ̀ ni, àbí kí rímù tóbi?

Golf 4 ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí òun ni mo ń wà, òun náà ni mo sì ń rí tí àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn àti Èkó ń mú wálẹ̀ jù. Ọdún 1997 ni Volkswagen gbé e jáde ní Jámánì, àwa sì rà á ní tòkunbọ̀ títí tó fi kún ìgboro. Ìwọ̀n tí mo máa kọ síbí, ti Golf 4 ni. Kí ẹni tó ní Golf 3 tàbí Golf 5 má ṣe dà á kọ. Rímù Golf 3 tó wọ́pọ̀ ní ihò mẹ́rin. Ti Golf 5 ní ihò márùn-ún bíi ti Golf 4, ṣùgbọ́n òbìrí tó gba àárín àwọn ihò náà kọjá jẹ́ mìlímítà 112 lára Golf 5, ó sì jẹ́ 100 péré lára Golf 4. Ohun tí wọ́n ń pè ní 5x112 àti 5x100 nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ lè fi ipá mú ọ̀kan wọ èkejì fẹ́ pa yín ni.

Ìwọ̀n tí Volkswagen fúnra rẹ̀ lò

Gbogbo ìwọ̀n rímù mẹ́rin yìí, íǹṣì 15, 16, 17 àti 18, ni ilé-iṣẹ́ náà ti gbé sára Golf 4 rí, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ara ọkọ̀ kan náà. Lára àwọn tó ní 18 ni R32, ẹ̀yà Golf 4 kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 2002. Mo ṣírò òpó mẹ́ta tó gbẹ̀yìn láti inú ìwọ̀n táyà àti rímù, mìlímítà ni gbogbo wọn. Nínú 195/65 R15, 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìdá ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, 15 sì ni rímù. N óò ṣàlàyé J àti ET nísàlẹ̀.

| Táyà | Rímù | Gíga ẹ̀gbẹ́ táyà | Gíga táyà látòkè délẹ̀ | Ibi tó fi yọ síta ju ti 15 lọ, àti ibi tó fi wọnú jù ú lọ |
|---|---|---|---|---|
| 195/65 R15 | 6J ET38 | 127 | 634 | (òun ni ìbẹ̀rẹ̀) |
| 205/55 R16 | 6.5J ET42 | 113 | 632 | 2 síta, 10 sínú |
| 225/45 R17 | 7J ET38 | 101 | 634 | 13 síta, 13 sínú |
| 225/40 R18 | 7.5J ET38 | 90 | 637 | 19 síta, 19 sínú |

Ẹ wo òpó kẹrin. Láti 15 títí dé 18, gíga táyà látòkè délẹ̀ kò yàtọ̀ ju bíi mìlímítà 5 lọ. Bí rímù ṣe ń tóbi ni ẹ̀gbẹ́ táyà ń kéré, tí àpapọ̀ wọn fi ń dúró síbi kan náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ “18 ló ń ha fẹ́ńdà” kò fi tọ̀nà tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Tí ẹ bá ra táyà tó bá rímù 18 mu, kò ga ju ti 15 lọ ní ohun tí ojú lè rí. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ń ha, àti ibi tí rímù náà jókòó sí.

Ibi tí ó jókòó sí yìí ni àwọn lẹ́tà ET ń sọ. ET jẹ́ iye mìlímítà tó wà láàárín ojú tí rímù fi lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù (irin tí wọ́n ń de rímù mọ́) àti àárín gbùngbùn fífẹ̀ rímù. Bí nọ́ńbà náà bá tóbi, rímù á sún wọnú ọkọ̀. Bí ó bá kéré, rímù á yọ síta. J ni fífẹ̀ rẹ̀ ní íǹṣì. Ẹ lè ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù nínú ọjà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: ẹ fi 25.4 sọ J di púpọ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ yọ ET kúrò, ẹ ó mọ ibi tí rímù yọ dé níta. Tí ẹ bá fi ET kún un dípò kí ẹ yọ ọ́, ẹ ó mọ ibi tó wọ̀ dé nínú. Ẹ ṣe é fún rímù tó wà lára ọkọ̀ yín, ẹ ṣe é fún èyí tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ fi ọ̀kan yọ èkejì. Ìṣẹ́jú méjì ni, ì bá sì ti gbà mí lọ́wọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

18 tí mo rà

Ẹni tó tà á fún mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ara Golf 4 ni wọ́n ti bọ́ ọ, yóò wọlé wẹ́rẹ́.” Mo wo ojú rímù náà, ó ń dán bí dígí. Mo ka ihò rẹ̀, ó pé márùn-ún. A wọn ọ́n, ó jẹ́ 5x100. Mi ò yí i padà kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń tẹ J àti ET sí. 8J ET35 ni. Ó yọ síta ju ti 15 lọ ní mìlímítà 28, ó sì wọnú jù ú lọ ní 22. Kódà bí a bá fi wé rímù 18 tó wà lára R32, ó tún fi nǹkan bíi mìlímítà 9 yọ síta jù ú lọ. Ọkọ̀ mi nígbà náà sì ti wálẹ̀ ní mìlímítà 45.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, èmi nìkan ni mo ń jókòó sínú rẹ̀, kò sí wàhálà. Nígbà tó di Sátidé, a ń lọ sí òde ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn àbúrò ìyá mi mẹ́ta wà lẹ́yìn, kúlà àti àpò aṣọ kún búùtù. Gbogbo bọ́ǹpù tí a bá gùn, n óò gbọ́ “hààà” láti ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí mà ń rùn o.” Nígbà tí a débẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Etí fẹ́ńdà ti fá èjìká rẹ̀ títí okùn inú rẹ̀ fi yọ síta. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, kì í ṣe nítorí owó táyà, bí kò ṣe nítorí àwọn tí mo gbé sínú ọkọ̀ tí mo sì fi sáré lójú títì márosẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀yìn ni kí ẹ ti dán an wò, kí ẹ sì dán an wò pẹ̀lú ẹrù. Golf 4 tí èèyàn kan ṣoṣo ń wà máa ń parọ́ fún olówó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, 18 ní ẹwà tirẹ̀. Ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, tí rímù 18 kún abẹ́ fẹ́ńdà rẹ̀ dáadáa, èèyàn á yí ọrùn wò ó. Sítíárìn rẹ̀ á tún yá, nítorí ẹ̀gbẹ́ táyà tó kúrú kì í rọ̀ dànù nígbà tí ẹ bá ń ya kọ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ 18 dandan, ẹ mú 7.5J ET38 bíi ti R32, ẹ má ṣe mú ọkọ̀ wálẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 25 lọ, kí ẹ sì gbà pé mìlímítà 90 péré ni rọ́bà tó wà láàárín rímù yín àti kòtò. Lójú ọ̀nà wa, tí òjò bá ti rọ̀ tí omi bo kòtò mọ́lẹ̀, mìlímítà 90 kò tó nǹkan. Mo mọ àwọn tó ti tẹ rímù mẹ́ta láàárín òjò kan sí ẹ̀ẹ̀rùn.

16 àti 17: ibi tí ìpinnu gan-an wà

Àwọn méjì yìí ni mo rò pé kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ fi wé ara wọn. Àwọn tó kù, ìwọ̀nba èèyàn ni wọ́n wà fún.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀gbẹ́ táyà bẹ̀rẹ̀. 16 ní mìlímítà 113, 17 ní 101. Mìlímítà 12 yìí lè dà bíi pé kò jẹ́ nǹkan lórí ìwé, àmọ́ ẹ ó mọ̀ ọ́n lórí Third Mainland Bridge, níbi tí irin ìsopọ̀ afárá wà. Rímù 16 á gbà á ní “gbì”, ẹ ó sì máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Rímù 17 á gbà á ní “pàkà”, dáṣíbọ́ọ̀dù Golf 4 tó ti dàgbà á sì dá a lóhùn. Ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ ti kúrú ti pàdánù díẹ̀ nínú ìdẹ̀ra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún fi táyà pẹlẹbẹ kún un, ẹ̀yìn ẹni tó jókòó ni yóò san gbèsè náà.

Nípa ààyè, 16 borí. Ó yọ síta ní mìlímítà 2 péré, tí kì í ṣe nǹkan kan, 10 tó fi wọnú kò sì dé ara ṣọ́ọ̀kì. Ẹ lè mú ọkọ̀ wálẹ̀ ní mìlímítà 40 pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ̀yìn má ha. 17 tó jẹ́ 7J ET38 yọ síta ní 13. Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀ ní 30, ó ṣì dára. Tó bá dé 40, tí èèyàn mẹ́ta sì wà lẹ́yìn, etí fẹ́ńdà á bẹ̀rẹ̀ sí bá èjìká táyà sọ̀rọ̀.

Bí táyà bá bẹ́ lóru ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú dé rèé. 205/55 R16 náà ni Corolla tó jáde láti 2009 ń lò, òun ni Golf 5 ń lò, òun ni Honda Civic ti 2006 ń lò. Tí táyà bá bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ní Ṣàgámù ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, fọkanáísà á rí ọ̀kan fún yín. 225/45 R17 náà wà lọ́jà dáadáa, nítorí àwọn Mercedes ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ ó rìn kí ẹ tó rí i, owó rẹ̀ sì ga.

Ojú tí 17 fi borí ni dídúró ṣinṣin. Lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, 225 di ilẹ̀ mú ju 205 lọ nígbà tí ojú ọ̀nà bá gbẹ, ọkọ̀ kì í sì yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí tírélà bá kọjá. Nígbà òjò ńkọ́? Bí ojú táyà bá fẹ̀, ó rọrùn fún un láti léfòó lórí omi. Ẹni tó bá fẹ́ 225 kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìlà ojú táyà rẹ̀ gbó kó tó pààrọ̀ rẹ̀.

17 ló wà lára ọkọ̀ tèmi báyìí, 7J ET38, sípíríǹgì tó mú un wálẹ̀ ní 30 ló sì gbé e. Mo ń gbádùn rẹ̀, torí ojú títì márosẹ̀ ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan láti Bódìjà tàbí Agége bá bi mí, ẹni tó jẹ́ pé inú àdúgbò ló ń yí kiri, tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tí ọ̀nà ilé rẹ̀ kò ní ọ̀dà, 16 ni mo máa sọ fún un, láìṣiyèméjì.

15 tí ẹ fẹ́ jù nù

Ẹ má kánjú ju 15 nù. Ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rímù 15 tó mọ́, táyà 195/65, kì í ha rárá, ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ tó ga ní mìlímítà 127 sì ń gba ìyà kòtò dípò sípíríǹgì líle. Àbùkù rẹ̀ ni pé abẹ́ fẹ́ńdà á ṣì dà bíi pé kò kún. Ẹni tó bá ní owó fún ohun kan ṣoṣo lọ́dún yìí, tó sì fẹ́ mú ọkọ̀ wálẹ̀, kó ṣe sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dáadáa lórí 15, kó fi rímù sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Bí ẹ ṣe mú un wálẹ̀ ló máa sọ rímù tí ẹ lè gbé

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti rí nígboro. Àkọ́kọ́ ni sípíríǹgì kúkúrú tí wọ́n ṣe fún Golf 4, tó máa ń mú un wálẹ̀ láàárín 30 sí 40. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Gíga rẹ̀ kì í yí padà, nítorí náà ìṣirò rímù yín kò ní yí padà. Kí ṣọ́ọ̀kì tó bá a rìn ṣáà jẹ́ tuntun. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú lórí sípíríǹgì kúkúrú á máa sọ ọkọ̀ sókè sódò lórí táyà pẹlẹbẹ.

Èkejì ni coilover, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tó para pọ̀, tó ṣeé yí sókè tàbí sísàlẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó ń wá rímù pọ̀: ẹ lè gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀ títí híha yóò fi dáwọ́ dúró. Ara rẹ̀ tún tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn sì fún rímù láyè nínú. Ṣùgbọ́n ekuru àti omi wa máa ń mú ìlà ara rẹ̀ dípẹtà, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún méjì kò ní yí mọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì pa á, kí ẹ sì máa yí i nígbà dé ìgbà.

Ẹ̀kẹta ni gígé. Wẹ́ẹ́dà á mú sípíríǹgì, á gé e ní ìyípo kan tàbí méjì, tàbí kó fi iná sí i títí á fi rọ̀ wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Sípíríǹgì tó kù á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó lè tú kúrò ní ibùjókòó rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iná sí ti pàdánù agbára irin rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò kán. Kò sí rímù tí mo lè bá ẹni tó gun sípíríǹgì gígé yàn.

Bó ti wù kí ẹ ṣe é, àwọn ohun kan wà lábẹ́ Golf 4 tó ń sọ pé ó ti tó. Sọ́ńpù ẹ́ńjìnì rẹ̀, ìyẹn agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀, máa ń rọ̀ wálẹ̀, ti ẹ́ńjìnì 1.8T sì jẹ́ alumíníọ̀mù tó ń fọ́ bí àwo bí ó bá kọlu bọ́ǹpù. Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀ jù, irin tó ń dè é kó má gbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí kan ṣáàfù (irin tó ń yí táyà iwájú), ṣáàfù ọwọ́ ọ̀tún fúnra rẹ̀ á sì máa lu férémù. Ìró “kàkàkà” yẹn kì í ṣe ti rímù, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ta rímù mìíràn fún yín nítorí rẹ̀.

Tokunbọ̀, ayédèrú, àti tuntun

Rímù tí wọ́n bọ́ lára Volkswagen tàbí Audi TT àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn fún Golf 4. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 57.1, ó sì ń jókòó pọ́ngbá sí họ́ọ̀bù. Ní Ládípọ̀ tàbí ní Arárómì ní Gate, Ìbàdàn, ẹ ó rí i bí ẹ bá fara balẹ̀. Corolla ti 2003 sí 2008 náà jẹ́ 5x100, ṣùgbọ́n ihò àárín rímù rẹ̀ jẹ́ 54.1, kò lè wọ họ́ọ̀bù Golf. Rímù Golf lè wọ Corolla bí ẹ bá fi òrùka tó dí àlàfo náà sí i, èyí tí Corolla kò lè san padà fún Golf.

Rímù tuntun tó jọ ti ilé-iṣẹ́ ńlá ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ ṣọ́. Ó dán, ó wọ́n díẹ̀ ju tòkunbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n lórí kòtò, rímù tí wọ́n dà láìní ìṣọ́ra kì í tẹ̀, ńṣe ló ń sán. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò fún àmì JWL, èyí tó ń sọ pé ó tẹ̀ lé ìlànà Japan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń tẹ àmì náà sí rímù tí kò yẹ. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi ìka wọ́ inú rẹ̀ yípo. Ibi tí wọ́n bá ti fi wẹ́ẹ́dì tò ó máa ń ga ju ara tó kù lọ díẹ̀, wọn á sì kùn ún. Rímù tí wọ́n tò nínú, ẹ dá a padà, kò sí iye owó tó yẹ kí ẹ rà á.

Nípa táyà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táyà tòkunbọ̀ sí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà ti fi táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré sínú àwọn ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ wọ́n ń tà á. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní 2019. Rọ́bà tó ti gbó ní ẹ̀gbẹ́ tó kúrú kò ní ara láti rọ̀.

Àwọn kan ń ra 205/40 R17 fún rímù 17, wọ́n ní kí táyà kéré, kó má baà ha. Ẹ má tẹ̀ lé wọn. Gíga rẹ̀ látòkè délẹ̀ jẹ́ 596, tó fi mìlímítà 38 kúrú sí ti Golf 4. Ọkọ̀ á tún wálẹ̀ ní 19 sí i, sípídómítà á máa sọ 100 nígbà tí ẹ ń sá 94. Èyí tó burú jù ni ẹrù. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwọ̀n táyà ló ń sọ agbára rẹ̀: 91 túmọ̀ sí kílò 615 fún táyà kan, òun ló wà lára 195/65 R15 tó wọ́pọ̀. 205/40 R17 sábà máa ń jẹ́ 84, kílò 500. Lórí táyà mẹ́rin, kílò 460 ti lọ. Ìyẹn ju gbogbo àwọn tí mo gbé lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ, pẹ̀lú ẹrù wọn.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò kí owó tó lọ

Ẹ gba rímù kan pẹ̀lú táyà rẹ̀ lọ́wọ́ olówò, ẹ fi sí ẹ̀yìn. Ẹ fi ẹfun kun èjìká táyà àti abẹ́ etí fẹ́ńdà. Ẹ jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta tó sanra díẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ẹ wakọ̀ gba ojú bọ́ǹpù mẹ́ta mẹ́rin jẹ́ẹ́jẹ́. Ibi tí ẹfun bá ti nù ni ìṣòro wà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí iwájú, ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá méjèèjì, ẹ wo ibi tí ó ti kan ike abẹ́ fẹ́ńdà.

Bó bá ń ha díẹ̀ níwájú, ó ṣeé ṣàtúnṣe: ike náà ṣeé tẹ̀ padà. Bó bá ń ha lẹ́yìn, pánẹ́ẹ̀lì bítà lè tẹ etí fẹ́ńdà wọnú. Kó fi iná wẹ́rẹ́ gbóná ọ̀dà kó tó tẹ̀ ẹ́, kó má baà sán, kó sì tún un kùn, nítorí ibi tí ọ̀dà bá ti sán ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má retí pé kí ẹ fi aláínmẹ́ǹtì yọ ara yín lẹ́yìn, nítorí irin ẹ̀yìn Golf 4 kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí ìdúró táyà padà. Iwájú nìkan ni wọ́n lè tún ṣe, dandan sì ni lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá wálẹ̀, torí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, inú táyà á jẹ tán kí ìta tó gbó.

Fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester: ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó yí rímù àti gíga ọkọ̀ padà, nítorí wọ́n kà á sí àyípadà. Táyà tó ń ha ara ọkọ̀ tún lè jẹ́ kí ọkọ̀ kùnà nínú MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí ìjọba ibẹ̀ ń béèrè.

Ohun ìkẹyìn ni bóòtù. Golf kì í lo nọ́ọ̀tì bíi Toyota, bóòtù M14x1.5 ló ń lò. Èyí tó wà fún rímù ilé-iṣẹ́ ní orí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ rímù tí a ń rà lọ́jà sì ń fẹ́ èyí tí orí rẹ̀ rí ṣónṣó. Bí ẹ bá fi róbótó sínú ihò ṣónṣó, etí tín-ín-rín ló di rímù yín mú, ó sì lè tú lójú ọ̀nà. Ẹ kó bóòtù tó bá ihò rímù náà mu pọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á. Bí ẹ bá fi sípésà (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù) sí i, kí bóòtù gùn sí i ní iye tí sípésà náà nípọn, kí ó sì wọlé tó yíyí mẹ́jọ kó tó le. Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dì í pa. 120 Nm ni Volkswagen sọ, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń dì í. Lẹ́yìn kìlómítà 80 àkọ́kọ́, ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, kí ẹ tún fi sípánà tó ń wọn agbára yẹ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo yẹ tèmi wò bẹ́ẹ̀, bóòtù méjì ti dẹ̀ díẹ̀.